Ẹ̀rín Ta Ni À Ń Rín? Àtúpalẹ̀ Àwọn Àwo Orin Ìbẹ̀rẹ̀ Ray Stevens (1957–1962)

Ìfáárà

Ọdún 1939 ni a bí Ray Stevens, ẹni tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Harold Ray Ragsdale, ní Clarkdale, ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ní 2019, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn àgbà olórin kọ́ńtìrì ní Nashville. Síbẹ̀, orin ẹ̀fẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti wo ọgbọ́n tó fi ń pa ni lẹ́rìn-ín, kí a sì bi ara wa léèrè ẹni tí ẹ̀rín náà ń bà.

Ohùn gẹ́gẹ́ bí Irinṣẹ́ Ẹ̀fẹ̀

Orin ọ̀dọ́ lásán ni àwo rẹ̀ ti 1957. Kò mi ìgboro. Ní 1960, ó fi akọni orí rédíò kan ṣẹ̀fẹ̀ nínú 'Sergeant Preston of the Yukon', ṣùgbọ́n wọ́n kó àwo náà kúrò lórí àtẹ nítorí pé ẹlòmíràn ló ni akọni ọ̀hún. Ní 1961 ni ó wá gbé orin kan jáde nípa oníṣòwò oògùn kan, Jeremiah Peabody, tí oògùn rẹ̀ ń wo gbogbo àrùn. Àkọlé orin náà nìkan ní 90 lẹ́tà. Àsọdùn ni gígùn àkọlé yìí: ó ṣe àfihàn ẹnu dídùn oníṣòwò kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Orin náà dé ipò 35 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ti wọkọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń polówó àgbo mọ irú ẹni tí à ń fi rẹ́rìn-ín.

Níbi tí Ẹ̀fẹ̀ ti Ṣìnà

'Ahab the Arab' (1962) dé ipò 5. Bí a bá wo ọgbọ́n ìsọ̀tàn, ó ta orin ìṣáájú yọ: Stevens nìkan ló sọ ìtàn, òun náà ló sì gbé ohùn àwọn ẹ̀dá ìtàn wọ̀. Ṣùgbọ́n ariwo tí kò nítumọ̀ ló fi rọ́pò èdè Lárúbáwá. Nínú orin Peabody, alágàbàgebè ni a fi ṣẹ̀fẹ̀. Níhìn-ín, odindi èdè ni a sọ di yẹ̀yẹ́, àwọn tó ni ín kò sì sí níbẹ̀ láti fèsì. Àwọn kan lè ní àsìkò ló fà á. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n àsìkò ń ṣàlàyé àṣìṣe ni, kì í sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Stevens fúnra rẹ̀ fi hàn nínú 'Mr. Businessman' (1968) pé òun lè dojú ọ̀rọ̀ kọ àwọn olówó àti alágbára. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kàn wá gan-an. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń sín ẹ̀ka-èdè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ní kíláàsì, tí gbogbo yàrá sì bú sẹ́rìn-ín, kí olùkọ́ kọ́kọ́ wo ojú ẹni tí kò rẹ́rìn-ín.