Ta Ni Yóò Gba Onírin Gbọ́?

Ìwé alàwòrán kan ni mo mú wá lónìí: The Transformers, tí ilé-iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde láti 1984 sí 1991. Àwọn òmìrán róbọ́ọ̀tì ló ń jà níbẹ̀. Optimus Prime ni olórí àwọn Autobot, Megatron ni ti Decepticon. Ìjà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Cybertron, ayé tiwọn, ni wọ́n gbé wá bá ọmọ aráyé.

Àwọn kan á ní ìjà yẹn ló dùn jù. Èmi ò gbà. Josie Beller ló dùn mọ́ mi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ lobìnrin yìí ń ṣe jẹ́jẹ́ tí Shockwave, ara Decepticon, fi kọlù wọ́n, tó sọ ọ́ di arọ. Ló bá fi wáyà iná ṣe ẹ̀wù sára, ó dìde, ó pera ẹ̀ ní Circuit Breaker. Autobot ni o, Decepticon ni o, ọ̀tá ẹ̀ ni gbogbo wọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo bú u pé kò ní làákàyè. Àṣé èmi ni mi ò rò ó dáadáa. Bob Budiansky tó kọ ìtàn náà jẹ́ káwa mọ inú Prime. Ta ló sọ fún Josie? Irin lòun rí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí alángbá, á sá.

Àléébù ìwé náà nìyí: ó fẹ́ ká ka ìbínú rẹ̀ sí wèrè. Lójú tèmi, ẹni rere tó ń jà lórí ilẹ̀ onílẹ̀, òun ló yẹ kó finú han onílẹ̀. Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ kà á.