Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Ìgò Ṣanpéènì

Bí ìnáwó bá wà ní gbọ̀ngàn àríyá ní Baṣọ̀run tàbí lójú ọ̀nà Akóbọ̀ nílùú Ìbàdàn, ìgò ṣanpéènì kì í wọ́n lórí tábìlì àwọn gbajúmọ̀. Wọn á kọ́kọ́ yà á ní fọ́tò, ìdérí á fò, ìfófòó á ru, olórin á sì ki ẹni tó rà á títí owó yóò fi bọ́ síta. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára ìgò ni gbogbo wa mọ̀. Àwọn tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀ ni mo fẹ́ yìn: àwọn tó ń já èso àjàrà àti àwọn tó ń yí ìgò lábẹ́ ilẹ̀, ní agbègbè Reims àti Épernay ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, nítorí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára wọn.

Wáìnì tí kò bá ti agbègbè Champagne wá kò lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ ṣanpéènì lábẹ́ òfin ilẹ̀ Yúróòpù. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin àjàrà rẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 34,000. Lórí gbogbo ilẹ̀ yìí, wọn kò gba ẹ̀rọ láyè láti kórè. Ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ gé ṣírí kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí alágbàṣe tó lé ní 100,000 fi ń ya wọ agbègbè náà lọ́dọọdún, nígbà tí oṣù kẹjọ bá ń parí lọ tàbí nínú oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n á sì fi bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta parí iṣẹ́.

Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é? Oríṣi àjàrà mẹ́ta ni wọ́n ń lò jù: Pinot Noir, Meunier àti Chardonnay. Dúdú ni èèpo méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n omi inú wọn mọ́. Inú èèpo ni àwọ̀ wà. Bí èso bá fi lè bẹ́ kó tó dé ibi ìfúntí, èèpo á pa omi láró. Ẹ̀rọ ìkórè sì rèé, ńṣe ló ń gbo igi jìgìjìgì títí èso yóò fi já kúrò lára ṣírí. Nítorí náà, bí ohun tó wà nínú ife yín bá mọ́ lóló, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ kan ló rọra mú un lókè lọ́hùn-ún.

Ẹ wo ẹni tó ń já a dáadáa. Igi àjàrà ibẹ̀ kò ga, wáyà ni wọ́n nà án lé, ìsàlẹ̀ níbi orúnkún sì ni ṣírí rẹ̀ ń so sí. Kò ṣeé nàró já, kò ṣeé jókòó já. Alágbàṣe á bẹ̀rẹ̀, á lóṣòó, á kúnlẹ̀, á sì máa sún lọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán. Méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ọ̀kan lápá ọ̀tún poro, ìkejì lápá òsì, kí èyí lè rí ṣírí tí ewé bò mọ́ tọ̀hún lójú. Ọwọ́ òsì á ya ewé, àtẹ́lẹwọ́ á gba ṣírí nísàlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó mú àlùmọ́gàjí á wá ìdí rẹ̀ kàn, á sì gé e. Kì í fà á, kì í tẹ̀ ẹ́. Kó tó gbé e sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti dájọ́: apá ibí ti rà, ẹ gé e dànù, èyí kò tíì pọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju kí ènìyàn ṣẹ́jú bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ìka ẹnìkejì sì wà lẹ́yìn ewé kan náà, nítorí náà, ohun tí ojú kò bá rí, àlùmọ́gàjí kò gbọdọ̀ kàn án.

Adẹ́mu tó mọṣẹ́ níhìn-ín yóò tètè lóye wọn. Òun náà mọ̀ pé bí ọ̀bẹ bá wọlé jù, ọ̀pẹ á kú, bí kò bá sì wọlé tó, ẹmu kò ní dà. Ọwọ́ ló ń sọ fún un ibi tó yẹ kó dúró.

Inú kíréètì tó ní ihò ni wọ́n ń kó àjàrà sí, kí omi èyí tó bá bẹ́ lè ro dànù. Níbi ìfúntí, wọ́n ń fún 4,000 kílò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́. Lítà 2,550 péré ni òfin gbà kí wọ́n mú nínú rẹ̀. Lítà 2,050 tó kọ́kọ́ jáde ni ojúlówó. Wọ́n á ya 500 tó tẹ̀lé e sọ́tọ̀. Èyí tó bá kù lẹ́yìn náà kì í ṣe ṣanpéènì mọ́.

Iṣẹ́ kejì wà lábẹ́ ìlú Reims, nínú àwọn ihò jíjìn tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ ẹfun láti ayé àtijọ́. Ibẹ̀ tutù tọ̀sán tòru. Wọ́n á fi ṣúgà àti ìwúkàrà sínú wáìnì, wọ́n á dé ìgò pa, yóò sì máa hó nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tó ti kú á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Báwo ni wọn yóò ṣe yọ ọ́ láìjẹ́ pé ìfófòó bá a lọ? Ilé-iṣẹ́ opó kan, Barbe-Nicole Clicquot, tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1805 nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lẹ́ni ọdún 27, ni wọ́n ti rí ojútùú rẹ̀. Wọ́n á ki ọrùn ìgò bọ inú ihò pákó tó dagun. Lójoojúmọ́, òṣìṣẹ́ á fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan di ìdí ìgò kọ̀ọ̀kan mú, á yí i díẹ̀, á sì gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgò á dorí kodò, gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì ti rọ́ sí ẹnu rẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè yọ ọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú lè yí nǹkan bí 40,000 ìgò lójúmọ́. Ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lónìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kò tíì kúrò níbẹ̀. Ó kéré tán, ìgò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lo oṣù 15 kí wọ́n tó tà á.

Iṣẹ́ tó gba ìfarabalẹ̀ tó báyìí ni àwọn kan ń pè ní iṣẹ́ lébìrà lásán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn aláṣẹ bá àwọn alágbàṣe tó lé ní 50 nínú ilé kan ní abúlé Nesle-le-Repons. Àwọn ọmọ Mali, Mauritania, Côte d'Ivoire àti Senegal wà lára wọn, ilé tí wọ́n kó wọn sí kò sì yẹ ọmọ ènìyàn. Ní oṣù keje ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ ní Châlons-en-Champagne dá ọ̀gá tó kó wọn wá lẹ́bi pé ó fi ènìyàn ṣòwò, wọ́n sì dájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 4 fún un, tí wọ́n dá 2 dúró nínú rẹ̀. Ẹjọ́ náà tọ́. Ọwọ́ tí kò gbọdọ̀ tẹ èso kò yẹ lóhun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bí ọmọ Baṣọ̀run kan bá ń gbèrò láti jápa lọ síbẹ̀, kó kọ́kọ́ kọ́ èdè Faransé, nítorí ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè bi ọ̀gá léèrè owó rẹ̀. Kó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, kó ka ìwé àdéhùn, kó mọ̀ bóyá wákàtí ni wọn yóò san owó lé tàbí kílò. Kó má fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń mi ìgò lóde àríyá kó lè tú sílẹ̀ fún àwọn tó ń yàwòrán, ẹ dákun, ẹ mu ún. Ẹni tó kúnlẹ̀ já a kò ṣe é fún ilẹ̀.