Ọpọlọ Òṣìṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá: Àyẹ̀wò Ìlànà David Rock

Ní ọdún 2008, David Rock gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ṣe lè lo ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ọpọlọ láti darí àwọn òṣìṣẹ́ àti láti fún wọn ní ìwúrí. SCARF ni ó pe ìlànà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó tún jẹ́ orúkọ ìborùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà márààrún dúró fún ipò, ìdánilójú, òmìnira láti pinnu, ìrẹ́pọ̀ àti àìṣègbè. Àlàyé rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọpọlọ ènìyàn a máa sá fún ewu, a sì máa súnmọ́ èrè. Bí ọ̀gá bá tàbùkù ọ̀kan nínú ohun márùn-ún yìí, ọpọlọ òṣìṣẹ́ yóò kà á sí ewu, ìrònú rẹ̀ yóò sì dàrú.

Ìmọ̀ràn tí ó wà nínú rẹ̀ dára. Ọ̀gá tí kì í bú òṣìṣẹ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń sọ ohun tí ń bọ̀ kí ó tó dé, kò lè kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n gbé ìmọ̀ràn náà lé ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò.

Ìwádìí tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni ti Naomi Eisenberger, Matthew Lieberman àti Kipling Williams, èyí tí ó jáde nínú jọ́nà Science ní ọdún 2003. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 13 dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì ń ṣeré bọ́ọ̀lù jíjù lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó yá, àwọn yòókù nínú eré náà, tí wọn kì í ṣe ènìyàn gidi, kò ju bọ́ọ̀lù sí akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ́. Apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní anterior cingulate, tí a ti mọ̀ mọ́ ìrora ara, wá ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti orí bọ́ọ̀lù yìí ni àwọn oníwàásù ibi iṣẹ́ ti fò dé orí pé yíyọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìpàdé kò yàtọ̀ sí gbígbá a létí. Ẹrù náà wúwo ju ohun tí ìwádìí náà lè rù lọ. Russell Poldrack ti ṣàlàyé ní ọdún 2006 pé apá ọpọlọ kan ṣoṣo a máa kópa nínú oríṣiríṣi iṣẹ́, nítorí náà, pé ó ń ṣiṣẹ́ kò tó láti fi mọ ohun tí ń lọ lọ́kàn ẹni. Ní ọdún 2014, Choong-Wan Woo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò àwọn tí olólùfẹ́ wọn kọ̀ sílẹ̀. Wọ́n rí i pé ọ̀nà tí ọpọlọ gbà ń ṣiṣẹ́ nígbà ìrora ara yàtọ̀ sí ti ìgbà ìkọ̀sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan náà ni méjèèjì ti ń hàn.

Bí a bá yọ ọpọlọ kúrò nínú ìlànà yìí, kí ni yóò dínkù níbẹ̀? Ìwọ̀nba díẹ̀ ni. J. Stacy Adams ti kọ̀wé ní ọdún 1963 pé òṣìṣẹ́ a máa fi ohun tí ó ń ṣe àti ohun tí ó ń gbà wé ti ẹlòmíràn. Hackman àti Oldham ti sọ̀rọ̀ òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1976. Wọn kò ya àwòrán ọpọlọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọpọlọ fi kún ọ̀rọ̀ náà ni àṣẹ, ìwádìí Deena Weisberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2008 sì fi bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ hàn. Wọ́n fi gbólóhùn kan nípa ọpọlọ, tí kò kan kókó ọ̀rọ̀, kún àlàyé tí kò múná dóko. Lójú àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ nípa ọpọlọ, àlàyé náà sunwọ̀n sí i. Àwọn onímọ̀ kò gba ẹ̀tàn yẹn.

Onímọ̀ èdè yóò tún kíyè sí gírámà rẹ̀. Nínú irú àwọn ìwé wọ̀nyí, ọpọlọ ni olùwà gbólóhùn: ọpọlọ rí ewu, ọpọlọ wá èrè. Ẹni tí ó dá ewu náà sílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n gé owó oṣù rẹ̀ di ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ rí ewu. Rock tilẹ̀ sọ pé ìgbéga nìkan kọ́ ni ó lè mú kí ènìyàn rí ara rẹ̀ bí ẹni tí ipò rẹ̀ ga sí i, pé ìyìn náà lè ṣe é. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí onílé tí ń gba ìyìn dípò owó ilé, ọ̀gá tí ó bá sì fẹ́ fi owó pamọ́ ti rí ohun tí yóò dì mú.

Ní èdè Yorùbá, ó ṣòro láti fi olùṣe pamọ́ bẹ́ẹ̀. Rírẹ́ni jẹ ní ẹni tí ń rẹ́ni jẹ. Wọ́n du ènìyàn ní ipò ni, ẹnìkan ni ó sì dù ú. Ìwúrí pàápàá, inú “wú” àti “orí” ni ó ti wá: ìwà tàbí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ó ń wú ni lórí, orí tí ibẹ̀ ń sọ kì í sì í ṣe ọpọlọ. Èyí kò sọ Yorùbá di èdè àwọn olódodo, nítorí àwọn ọ̀gá tí ń sọ ọ́ náà ń rẹ́ni jẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n olùkọ́ èdè lè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ojú ìwé kan nínú irú ìwé wọ̀nyí láti túmọ̀, kí ó sì ní kí wọ́n fi olùṣe sí gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọpọlọ dípò rẹ̀.