Ìkọlù kì í ṣe « attaque »: ọ̀tá tí a yọ kúrò, ọ̀tá tí a fi kún un

Ẹni tó ń ka ìròyìn ní èdè Yorùbá lórí rédíò ní orílẹ̀-èdè Benin, láti inú ìwé Faransé ló ti ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá ti kan « attaque », « assaut », « agression » tàbí « crise », ọ̀rọ̀ kan náà ló sábà máa ń wá sẹ́nu rẹ̀: ìkọlù. Bákan náà ló rí nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìlò yìí ń ṣe ìpalára méjì tó tako ara wọn. Nínú ìròyìn ogun, ìkọlù ń fi ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi pamọ́. Nínú ọ̀rọ̀ àìsàn, ó ń dá ọ̀tá sílẹ̀ níbi tí ọ̀tá kò sí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Kọ àti lù ló para pọ̀ di kọlù. Kọ yìí ló wà nínú kọsẹ̀. Lù sì ni ti ẹni tó ń lu nǹkan. Ìdí nìyí tí mọ́tò méjì fi lè kọlu ara wọn lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kútọ̀nú, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ìfarakanra líle ni kọlù ń sọ. Kò sọ iye ènìyàn, kò sọ ibi tí wọ́n gbà wá, kò sì sọ bóyá wọ́n sá pamọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ ń sọ irú ìrìn, èkejì ń sọ bí ìrìn náà ṣe kan ẹni tí ó kàn. Ya bò jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tó tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n bo ibì kan. Dà bò jọ ọ́, ṣùgbọ́n bí omi ló ṣe rí. Rọ́ lù jẹ́ ti èrò tó ń ti ara wọn bọ̀. Fò mọ́ jẹ́ ti ẹyọ kan tó fò, tó sì lẹ̀ mọ́ ẹni tó fò mọ́. Kì mọ́lẹ̀ ni ohun tí ológbò ń ṣe fún eku. Àwọn mìíràn wà tí ìrìn kọ́ ni wọ́n fi ṣe pàtàkì: dá lọ́nà jẹ́ ti olè, lúgọ dè jẹ́ ti ẹni tó ń ṣọ́ni láti inú igbó, ṣígun sì jẹ́ ti ẹni tó ti múra sílẹ̀ kó tó gbéra.

Bí a bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, a ó rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ onítumọ̀ kan náà. « Eṣú da bo oko àgbàdo » dára. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé eṣú dá oko àgbàdo lọ́nà. « Ajá kan fò mọ́ ọmọ náà » dára. Ṣùgbọ́n ajá kan ṣoṣo kò lè ya bo ọmọ. Gbógun tì ti rìn jìnnà ju gbogbo wọn lọ: a ń gbógun ti ibà lọ́dọọdún, kò sì sí ohun òjijì kankan níbẹ̀.

Òjijì pàápàá kò sí nínú kọlù fúnra rẹ̀. Lójijì, ṣàdédé tàbí láìròtẹ́lẹ̀ ló ń mú un wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ láàárín ogun tí a gbọ́ sílẹ̀ àti èyí tó já luni kò kéré lójú àwọn àgbà. Àwọn ló sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ìtàn Kétu fi èyí hàn dáadáa. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì gbógun wá síbẹ̀ ní 1883, wọ́n sì tún padà wá ní 1886, nígbà tí wọ́n pa ìlú náà run. Ìlú tó ní odi, tó ní yàrà, tó sì ní ẹnubodè bí Àkàbà Ìdènà, kì í ṣe ìlú tí ènìyàn kàn ń ya bò. Ńṣe ni ọmọ ogun máa ń dó tì í. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pe gbogbo ìyẹn ní « ìkọlù Kétu », odi ti wó kúrò nínú ìtàn kí ogun tó dé.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ìròyìn òde òní. Láti òpin ọdún 2021 ni àwọn agbébọn ti ń ṣọṣẹ́ ní àríwá Benin, ní agbègbè Atakora àti Alibori. Ká mú gbólóhùn kan tí mo gbé kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ: « Une attaque a eu lieu dans la nuit. » Ìtumọ̀ tó wọ́pọ̀ ni: « Ìkọlù kan wáyé lóru. » Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ta ló kọlu ta? Ọ̀rọ̀-orúkọ gbé olùwà mì, ó sì gbé àbọ̀ mì pẹ̀lú. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ, tí ọmọ rẹ̀ ń gba ọ̀nà Parakou lọ ta ọjà lókè, fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ya bo abúlé ni, bóyá wọ́n lúgọ de ọkọ̀ sójú ọ̀nà ni, tàbí wọ́n dá oníṣòwò lọ́nà. Ohun tí yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ kò ní jẹ́ ọ̀kan náà.

A lè sọ pé oníròyìn kò mọ ẹni tó ṣe é. Èdè wa ti pèsè fún ìyẹn. « Wọ́n ya bo abúlé náà lóru » kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ a mọ̀ pé ènìyàn ló wá, pé wọ́n pọ̀, pé abúlé ni wọ́n wá sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ń fipá mú oníròyìn láti béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kó tó ka ìròyìn.

Nínú ọ̀rọ̀ ìlera, ìṣòro náà yíjú padà. « Crise » ti di « ìkọlù àìsàn », « crise cardiaque » sì di « ìkọlù ọkàn ». Ṣùgbọ́n ní ilé àdúrà, ìkọlù ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀: iṣẹ́ ọ̀tá ni. Nínú Faransé tí à ń sọ nígboro Kútọ̀nú pàápàá, « on l'a attaqué » lè túmọ̀ sí pé ayé ló fi ọwọ́ kàn án. Ẹni tó gbọ́ pé ìkọlù ọkàn ṣe bàbá òun lè kọ́kọ́ máa wá ẹni tó rán an, nígbà tó yẹ kó máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé bàbá dé ilé ìwòsàn.

Ẹnìkan lè ṣe àtakò pé a máa ń sọ pé « àrùn kọlù ú », àti pé Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, lo kọlù fún ìyọnu tó bá àwọn ará Íjíbítì. Òótọ́ ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé olùwà wà nínú méjèèjì: àrùn ló kọlu ènìyàn, Ọlọ́run ló kọlu Íjíbítì. Bí a bá fi àfòmọ́ ì- sọ ọ́ di orúkọ, tí a sì pa olùwà tì, àyè ṣí sílẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ yóò sì fi ẹni tó ń bẹ̀rù sí i.

Èdè ojoojúmọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gìrì máa ń mú ọmọ. Wárápá máa ń gbé ènìyàn. Àìsàn tó ti pẹ́ lára a máa tún dìde síni. Fún « crise cardiaque », ó sàn kí á sọ àmì rẹ̀: àyà ṣàdédé ń dun ènìyàn gan-an bí ẹni pé nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, ó ń làágùn, kò lè mí dáadáa, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Gbólóhùn náà gùn ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ mọ ohun tí yóò ṣe.

Kí ìkọlù máa wà ní ipò rẹ̀, nínú àkọlé ìròyìn àti níbi tí a ti dárúkọ ẹni tó kọlu ẹni. Ní ti àwọn tó ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Faransé sí Yorùbá ní ẹ̀ka wa, kò yẹ kí wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo síwájú « attaque ». Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún tàbí mẹ́fà síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olùwà tó lè gbà àti àbọ̀ tó lè gbà, kí wọ́n sì béèrè ìlò rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ èdè náà ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́ kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí i.