Ọwọ́ Tó Ń Mú Bọ́ńpà Àfarawé Bá Ọkọ̀ Mu

Nínú gbogbo iṣẹ́ àwọn páńẹ́lì-bítà, èyí tí mo bu ọlá fún jù ni títún bọ́ńpà àfarawé ṣe títí yóò fi bá ọkọ̀ mu. Ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀, ọkọ̀ tòkunbọ̀ là ń gùn, ojúlówó ẹ̀yà ara wọn sì wọ́n. Bọ́ńpà fáíbà láti ọjà Ládípọ̀, ní Múṣin l'Ékòó, lọ́wọ́ ń tó.

Ara bọ́ńpà mìíràn ni wọ́n ti da irú èyí, oje inú fáíbà a sì máa súnkì bó bá ti ń gan. Ìdí nìyẹn tí ihò bóòtù kì í fi í ṣe déédéé, tí àlàfo abẹ́ iná ọ̀tún fi lè fẹ̀ ju ti òsì lọ.

Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í kùn ún lọ́dà kó tó gbé e wọ ọkọ̀ wò. Yóò fi bóòtù díẹ̀ dè é, yóò ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pa, yóò wá tẹjú mọ́ àlàfo yẹn. Bí bọ́ńpà náà bá jẹ́ ti rọ́bà, atẹ́gùn gbígbóná ni yóò fi rọ̀ ọ́, yóò sì dì í mú títí yóò fi tutù. Fáíbà kò gba bẹ́ẹ̀. Gígé ni yóò gé e, kó tẹ́ fáíbà tuntun sẹ́yìn rẹ̀, kó po oje mọ́ oògùn tó ń mú un gan. Bí oògùn náà bá pọ̀ jù, yóò gbóná, yóò sì là. Pọ́tì àti sáńpépà ló kàn.

Ó ń dùn mí bí àwọn oníbàárà ṣe ń ná iṣẹ́ yìí bí ẹni pé bóòtù lásán ni wọ́n ní kí ọ̀gá dè. Ó lè gba odidi ọjọ́ kan, owó rẹ̀ sì tọ́ kó ju ti bọ́ńpà fúnra rẹ̀ lọ.