Kókó Ara Igi àti Òkúta Inú Ìrókò

Ẹni tó mọ pákó rà kì í kánjú yan án. Á gbé e sókè, á fi ojú kan wo etí rẹ̀ láti orí dé ìdí bóyá ó wọ́, á fọwọ́ ra á bóyá ó là, lẹ́yìn náà ni yóò wá wo kókó. Àléébù ni gbogbo wa ń pè é, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ igi àjà là ń wá. Ṣùgbọ́n bí igi ṣe lo ayé rẹ̀ nínú igbó ló hàn lára rẹ̀ yẹn.

Ìdí ẹ̀ka ni kókó. Bí igi ṣe ń sanra ló ń gbé ìdí ẹ̀ka mì. Bí ẹ̀ka bá ṣì wà láàyè nígbà náà, òun àti igi á di ọ̀kan, kókó rẹ̀ kì í ṣí. Bí ó bá ti kú, ṣe ni igi kàn yí i ká; tí pákó bá gbẹ, kókó lè já bọ́, kí ihò ṣẹ́ kù. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ wà ní abẹ́ igi àjà láàárín gbùngbùn, torí ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́. Yóò fi ṣe àpótí.

Kókó nìkan kọ́ là ń pè ní àléébù. Iṣan igi ọ̀gànwó kì í lọ tààrà: ó lọ́ sọ́tùn-ún, ó tún lọ́ sósì. Ó ń ni ẹni tó ń fá a lára, torí bí ó ti ń dán níhìn-ín ló ń hú lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, bí wọ́n bá là á gba ọkàn igi, lílọ́ yìí gan-an ló ń mú ojú pákó kọ mànà ní ìlà-ìlà. Yí pákó náà sí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀: ìlà tó dúdú á mọ́lẹ̀, èyí tó mọ́lẹ̀ á dúdú. Èmi ò lè pe ìyẹn ní àléébù.

Ti ìrókò ló jinlẹ̀ jù. Níbi tó bá ti fara gbọgbẹ́, òkúta lè dì sínú rẹ̀, irú èròjà tó wà nínú ìkarahun ìgbín. Igi á bò ó, ojú ò ní rí i láti òde, àfi kí ayùn kàn án, kí eyín rẹ̀ kú tàbí kó ṣẹ́. Igi kan náà yìí sì ni ikán kì í rí inú rẹ̀ jẹ bọ̀rọ̀, tí a ń fi ṣe ilẹ̀kùn àti ọkọ̀ ojú omi.

Arère kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rọ̀, ikán fẹ́ràn rẹ̀, bí wọn ò bá sì tètè la gẹdú rẹ̀, èbu á sọ ọ́ di aláwọ̀ aró. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, kì í sì í gbóná mọ́ni lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ṣe ìjókòó inú yàrá ooru (sauna) ní Jámánì.

Ẹ̀yin tó ń kọ́lé, ẹ má kan pákó tútù mọ́lé. Ẹ tò ó sábẹ́ ibòji, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ kọjá. Púpọ̀ nínú pákó tó ń wọ́ tó sì ń là nínú ilé wa, àìgbẹ ló fà á.