Ọfà Tí Kò Gbọdọ̀ Pa Ẹran

Àwọn ọdẹ àtijọ́ a máa fi oró sórí ọfà kí ẹran lè kú. Nínú ARK: Survival Evolved, ẹni tó bá fẹ́ gun dáínósọ̀ kò gbọdọ̀ pa á, oògùn oorun ló ń fi sórí ọfà. Mo ti wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU mélòó kan níbi tí wọ́n ti ń ta géèmù yìí lálẹ́ ní Okokomaiko. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí ọwọ́ rẹ̀ dùn ún wò.

Studio Wildcard, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Nígbà tó dé orí fóònù ní 2018, kò pọn dandan mọ́ kéèyàn kọ́kọ́ náwó ẹ̀rọ ńlá ní Alábà kó tó wọ inú igbó géèmù ọ̀hún.

Igbó náà kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹranko ibẹ̀ kì í di tèèyàn àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ lù ú dákú. Ẹyẹ dodo, ẹ̀ṣẹ́ lásán ti tó fún un. Triceratops oníwo mẹ́ta, iṣẹ́ ni. Òun ni ọmọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dùn ún wò yìí ń lé, ó sì ti gún oògùn tirẹ̀ sílẹ̀: èso dúdú àti ẹran tó ti bàjẹ́, nínú odó. Bẹ́ẹ̀ ni, odó wà nínú géèmù.

Ọfà kọ̀ọ̀kan ń dín ẹ̀mí ẹran kù, ó sì ń fi kún oorun rẹ̀. Àmọ́ oorun kì í wọlé lójú ẹsẹ̀. Oníwàdùwàdù á ti ta mẹ́ta kí ti àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ tán, ẹran á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Tirẹ̀, ó ta ọ̀kan, ó gbé àtàǹpàkò kúrò lójú fóònù, ó yí ẹran náà po, ó tún ta òmíràn. Kì í ta á lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ni ẹran ń gbé bọ̀ wá kàn án. Eegun ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ọfà ràn. Ìhà ló ń wá. Iwájú ẹran díẹ̀ ló sì ń fojú sùn, torí ẹni tó bá ti lo dátà ní Ìyànà Ìbà lálẹ́ mọ̀ pé ohun tójú ń rí ti ṣẹlẹ̀ kọjá.

Lójijì, ẹran kẹ̀yìn, ó ń sá lọ.

“Bùrọ̀dá, ẹ ta á! Ó ń lọ o!”

Kò ta á. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ náà wà. Ẹran tí oorun ti fẹ́ gbé ló ń sá bẹ́ẹ̀, ọfà kan sí i sì lè jẹ́ èyí tó máa pa á. Ó kàn ń sáré tẹ̀ lé e títí dé etí omi, níbi tó ti ṣubú.

Àwọn òǹwòran pariwo, wọ́n rò pé ó ti tán. Ó kó èso tì í lẹ́nu kó lè di tirẹ̀, ó dúró tì í, torí bí ẹranko mìíràn bá bù ú jẹ lójú oorun, agbára tó máa jí pẹ̀lú rẹ̀ á dín kù. Bí oorun bá fẹ́ dá lójú rẹ̀, á tún fún un ní èso dúdú díẹ̀. Èyí gùn, kò sì dùn ún wò. Ẹnì kan ti dìde lọ cháàjì fóònù. Kí Triceratops tó lajú, ọmọ náà ti ń ṣírò awọ àti igi tó kù tí yóò fi ṣe gàárì.